Àgò Ehoro Ló Kó Bá Mi

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama ní Ọ̀yọ́, ehoro ni mo fi ń ra ìwé. Ìgbà kan wà tí mo ní tó ogún lẹ́yìn ilé ìdáná bàbá mi. Mo mọ ohun tí wọ́n ń jẹ, mo mọ bí abo ṣe ń fa irun àyà rẹ̀ tu bó bá fẹ́ bímọ, mo sì mọ ewé tó máa ń bà wọ́n níkùn jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Tóyìn, àbígbẹ̀yìn mi, bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú lọ́dún tó kọjá pé guinea pig lòun fẹ́ sìn, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹranko kékeré onírun tó ń jẹ koríko. Kí ló kù níbẹ̀ tí mi ò mọ̀?

Ohun tí mo mọ̀ nípa ehoro yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò wa ní Ìbàdàn ló rò pé òkété ni, àwọn mìíràn ń pè é ní eku òyìnbó. Kò ní ìrù rárá. Orí rẹ̀ tóbi, ọrùn rẹ̀ kò hàn, ara rẹ̀ rí roboto, etí rẹ̀ sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orí. Bó bá dàgbà tán, ìwọ̀n rẹ̀ máa ń wà láàárín gíráàmù 700 sí 1,200. Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí, kò sì wá láti Guinea kankan. Orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, níbi tí Peru, Bolivia àti Ecuador wà lónìí. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń sìn ín fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí òyìnbó tó débẹ̀. Cuy ni wọ́n ń pè é, ẹran ọbẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe. Bàbá Ìbejì tó ń gbé ní òdìkejì ilé wa kò dé Peru rí, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo la máa sun ún?"

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni mo rà wọ́n lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ẹyẹlé àti ọmọ ajá. Mo ní abo méjì ni mo fẹ́, kí wọ́n má baà bí sí mi lọ́rùn. Ó dojú wọn délẹ̀, ó wò wọ́n nídìí, ó ní, "Abo méjì nìyí, Dádì." Ọ̀kan pupa rúsúrúsú, èkejì funfun báláú. Kí a tó délé, Tóyìn ti sọ wọ́n ní Àkàrà àti Ẹ̀kọ.

Mo ti gba àgò ehoro kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tí kò sin ehoro mọ́. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ni gígùn rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ ni fífẹ̀ rẹ̀. Wáyà ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀ kí ìgbẹ́ lè máa jábọ́ sísàlẹ̀. Inú mi dùn sí i, torí irú rẹ̀ náà ni mo lò ní Ọ̀yọ́. Ehoro ní irun lábẹ́ ẹsẹ̀, àfi bíi pé ó wọ ìbọ̀sẹ̀. Mi ò yí ẹsẹ̀ Àkàrà sókè wò. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti rí i pé awọ lásán ló wà níbẹ̀, tó rọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun.

Oúnjẹ ńkọ́? Ọyẹ́ ti mú nígbà náà, gbogbo koríko àyíká ti gbẹ, àwọn Fúlàní pàápàá ń rìn jìnnà kí màlúù wọn tó rí nǹkan jẹ. Mo ra oúnjẹ adìyẹ, growers, ní kóńgò méjì. Mo ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kún un, irú èyí tí wọ́n ń fún ewúrẹ́. Tóyìn ń fún wọn ní búrẹ́dì láàárọ̀. Wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń sanra, mo sì ń yin ara mi.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní, Ẹ̀kọ kò pariwo mọ́ nígbà tó gbọ́ ìró ọ̀rá. Ariwo yẹn, "wíìkì, wíìkì," ni wọ́n fi máa ń kí wa láàárọ̀. Ó káwọ́ jọ sí kọ̀rọ̀, irun rẹ̀ dìde hẹ́ríhẹ́rí. Tóyìn gbé e, ó ké bí ọmọ ajá tí èèyàn tẹ̀ nírù mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀, ńṣe ló ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Orúnkún rẹ̀ ti wú. Àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn méjèèjì pọ́n yòò, ti Àkàrà sì ti ń di egbò.

Ojú ẹni tó ti sin ehoro ni mo fi wò ó. Mo ní ó ti fi ẹsẹ̀ há wáyà ni, egbò ló sì ń dá a láàmú. Amoxicillin tó ṣẹ́ kù nígbà tí ikọ́ ń yọ mí lẹ́nu wà nínú dúrọ́ọ̀, mo ti tú kápúsù kan sínú ṣíbí. Ìyá Tóyìn ló gbá ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ yéé fi oògùn èèyàn dán ẹranko wò. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Dókítà ẹranko tí a bá kò tó àkọ́bí mi lọ́jọ́ orí. Kò tíì fọwọ́ kan Ẹ̀kọ tó fi bi mí pé kí ni wọ́n ń jẹ. Mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un, tìgbéraga tìgbéraga.

"Ẹ̀fọ́ ńkọ́, sà? Ata ńkọ́?"

"Ata kẹ̀?"

Ó wá jókòó, ó sì là mí lọ́yẹ. Ehoro, ewúrẹ́, ajá, títí kan eku ilé tó ń jí gààrí wa, gbogbo wọn ló ń ṣe fítámì C fúnra wọn nínú ara wọn. Guinea pig kò lè ṣe é. Ó wà lára ẹranko díẹ̀ tí ara wọn kò lè ṣe é, bíi ti ọ̀bọ, bíi ti àwa èèyàn náà. Ohun tó bá jẹ lónìí ló máa lò. Bí kò bá rí i jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹran ìdí eyín rẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀, oríkèé ara rẹ̀ á wú, egbò tó bá sì dá sí i lára kò ní jiná. Scurvy ni wọ́n ń pe àìsàn náà, òun kan náà ló ń pa àwọn atukọ̀ òkun láyé àtijọ́.

Nígbà tí mo délé, mo lọ kà nípa rẹ̀ lórí fóònù mi, ìtìjú sì mú mi. Ní 1907, àwọn onímọ̀ méjì ní Nọ́wè, Axel Holst àti Theodor Frølich, ń wádìí àìsàn àwọn atukọ̀. Wọ́n fún guinea pig ní ọkà àti búrẹ́dì nìkan. Scurvy mú wọn. Wọ́n fún wọn ní kábéèjì tútù àti omi ọsàn wẹ́wẹ́, ara wọn yá. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là dé ìwádìí fítámì C fúnra rẹ̀. Ọkà àti búrẹ́dì! Ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nínú yàrá ìwádìí ni èmi ṣe ní Ìbàdàn, tí mo tún ń yin ara mi lé e lórí.

Nígbà tí mo sì mẹ́nu ba amoxicillin, dókítà káwọ́ lérí. Ó ní oògùn tó bá ti jẹ́ ẹbí penicillin, ikú ni fún wọn. Ó máa ń pa kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ rere nínú ìfun wọn, èyí tó ń tú májèlé jáde á wá gba ibẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan ẹranko náà á lọ. Mo wo ìyàwó mi. Kò sọ nǹkan kan. Kò tíì sọ nǹkan kan títí dòní, èyí sì burú ju kó sọ ọ́ lọ.

Fítámì C tí a fi tọ́jú Ẹ̀kọ kò ju èyí tí àwọn ọmọ máa ń lá bíi súìtì lọ, mílígíráàmù 100 lórí hóró kan. A ń lọ ìdajì rẹ̀ kúnná, a ń fi omi díẹ̀ pò ó, a sì ń fi ṣírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ rọ ọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu lójoojúmọ́. Èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kò nílò tó bẹ́ẹ̀: mílígíráàmù 10 sí 30 fún kílò kan lójúmọ́ ni. Dókítà ní kí n má dà á sínú omi mímu wọn, torí agbára rẹ̀ kì í pẹ́ dànù nínú omi. Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá kí Ẹ̀kọ tó tún rìn wá síbi abọ́ fúnra rẹ̀.

Bí a ṣe fẹ́ máa lọ lọ́jọ́ yẹn ni dókítà tún gbé Àkàrà dojú sókè, ó tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ ikùn díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Sà, ta ló sọ fún yín pé abo méjì nìyí?" Akọ ni Àkàrà. Ẹ̀kọ sì ti lóyún.

Mo pe káfíńtà lọ́jọ́ kejì. Fún guinea pig méjì, ààyè tó kéré jù lọ tó bójú mu jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 ní gígùn àti 2 àbọ̀ ní fífẹ̀. Mo ní kó ṣe é ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 2 àbọ̀. Káfíńtà bi mí bóyá ewúrẹ́ ni mo fẹ́ kó sínú rẹ̀. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ gbòòrò ni pé ilẹ̀ ni wọ́n ń sá lé. Wọn kì í gun òkè, wọn kì í fò bí ehoro, nítorí náà àgò alájà méjì kò wúlò tó ilẹ̀ títẹ́. Pákó ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà lé e kí ìtọ̀ má baà wọnú pákó. Nẹ́ẹ̀tì onírin tó fún ni mo fi ṣe ẹ̀gbẹ́ àti òrùlé, torí ológbò àdúgbò àti ejò.

Ohun tí a ó tẹ́ lé kápẹ́ẹ̀tì náà ló pẹ́ kó tó yé mi. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí mo kọ́kọ́ gbé wá láti sọ́míìlì mú kí wọ́n máa sín láàárín ọjọ́ méjì. Eruku rẹ̀ ti pọ̀ jù, òórùn pákó mìíràn sì máa ń ta imú wọn. Ohun tí mo ń lò báyìí ni búláńkẹ́ẹ̀tì onírun tí mo rà níbi aṣọ òkìrìkà, mo tẹ́ táwẹ́lì àlòkù sábẹ́ rẹ̀ kó lè máa fa ìtọ̀ mu. Mo ń gbá ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò láràárọ̀, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àtẹ́lẹsẹ̀ Àkàrà ti padà bọ̀ sípò.

Wọ́n tún nílò ibi ìsápamọ́. Ẹran tí gbogbo ẹyẹ àti ejò ń fi ṣe oúnjẹ ni wọ́n jẹ́ níbi tí wọ́n ti wá, ìbẹ̀rù wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, kó sì ní ẹnu ọ̀nà méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ alágbára á dí ọ̀lẹ mọ́nú. Páálí ni mo kọ́kọ́ lò, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ìgbà tó yá ni mo rántí àmù ìyá mi tó ti fọ́ nídìí, tí mi ò lè jù nù láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Mo dà á dùbúlẹ̀ sínú àgò. Inú rẹ̀ tutù nínú ooru, ẹnu rẹ̀ ni ọ̀nà kan, ibi tó fọ́ ni ọ̀nà kejì. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, Ẹ̀kọ ti sọ ọ́ di ilé.

Oṣù Kejì ló bímọ. Mo ti yọ Àkàrà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú, torí abo máa ń gba akọ láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tó bá bímọ tán, oyún lórí oyún sì máa ń pa á. Ẹ wo bí ehoro kò ṣe tíì kúrò lórí mi: mo gbé àpótí kékeré síbẹ̀, mo fi òwú tẹ́ ẹ, fún ọmọ tí yóò wà níhòòhò tí yóò sì dijú fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ehoro máa ń lóyún fún nǹkan bí oṣù kan. Ti guinea pig lé ní oṣù méjì, ọjọ́ 59 sí 72, nítorí náà àwọn ọmọ rẹ̀ ti pọ́n kí wọ́n tó já. Tóyìn ló jí mi. Mẹ́ta ni. Onírun ni wọ́n, wọ́n lajú rekete, wọ́n ti heyín, méjì ń sáré tẹ̀lé ìyá wọn kiri. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ti ń já koríko jẹ. Ẹnìkan kò débi àpótí olówùú mi.

Ìkẹta kò mí. Mo bi dókítà bóyá àìrí fítámì C jẹ nígbà oyún ló fà á, ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Èmi ti dá ara mi lẹ́jọ́ ṣáá. Abẹ́ igi gúáfà ni Tóyìn sin ín sí.

Nígbà tí àwọn ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a yọ èyí tó jẹ́ akọ kúrò, torí láti ọjọ́ orí yẹn ló ti lè fún ìyá rẹ̀ lóyún. A kó o lọ bá bàbá rẹ̀. Kò yẹ kí guinea pig dá gbé. Òfin orílẹ̀-èdè Switzerland tiẹ̀ ti kà á léèwọ̀ láti 2008 pé kí èèyàn sin ẹyọ kan ṣoṣo. Ní gbogbo ìgbà tí Àkàrà fi dá wà, kò jẹun dáadáa. Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ dé, wọ́n ń kùn sí ara wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Oṣù Kẹta ni mo tún gba ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ páànù, ni mo gbé àgò ńlá náà sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn Ìbàdàn mú bí iná ẹlẹ́dùú. Mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá Ẹ̀kọ tó na gbalaja, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí itọ́ ti rin àgbọ̀n rẹ̀. Òkè tó tutù ni àwọn baba ńlá rẹ̀ gbé, kò lè làágùn. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi 28 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ewu ti dé. Mo fi aṣọ tútù nu etí àti ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbé e sórí táìlì inú ilé, mo ń kán omi sí i lẹ́nu. Omi yìnyín kọ́ o, ìyẹn á tún dá a níjì. Ó yè é. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, èmi àti Bàbá Ìbejì gbé àgò náà wọ kọ́rídọ̀, Ìyá Tóyìn sì pàdánù ibi tó ń kó kúlà sí. Bí NEPA bá mú iná lọ lọ́sàn-án, mo máa ń fi aṣọ wé ike omi dídì, mo sì ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí wọ́n lè fara tì í bó bá wù wọ́n.

Ní ti oúnjẹ, koríko ló ń kó ìdá mẹ́rin nínú ìdá márùn-ún. Kò gbọ́dọ̀ tán níwájú wọn tọ̀sán tòru. Eyín 20 ni wọ́n ní, gbogbo wọn ló ń hù láìdúró, títí dé èrìgì. Koríko tó le ló ń rẹ́ ẹ; búrẹ́dì àti oúnjẹ adìyẹ kò lè rẹ́ nǹkan kan. Guinea grass ni mo ń gé jù, koríko tó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà níbí, mo sì ń fi ọ̀dọ́ eèsún àti háhá àgbàdo kún un. Kí ọyẹ́ tó tún dé lọ́dún yìí, mo ti gé tèmi ní oṣù Kẹsàn-án kó tó yọ òdòdó, mo sá a lábẹ́ òrùlé, mo ń yí i padà títí tó fi gbẹ tó ń dún wọ́rọwọ̀rọ, mo wá kó o sínú àpò. Èyí tó bá ti hu olú, ààtàn ló ń lọ.

Lẹ́yìn koríko ni ewé tútù: igbálóde, yúnyún, ewé kúkúńdùnkún. Ibi tí wọn kò ti fín oògùn apakoríko ni mo ti ń já a. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre, ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí ohun tó wà nínú wọn lè di òkúta sínú àpò ìtọ̀. Ewé ẹ̀gẹ́, píà àti àlùbọ́sà kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu wọn. Búrẹ́dì ti di ìtàn.

Tàtàṣé ni oògùn wa lójoojúmọ́. Èyí tó pọ́n ní fítámì C tó lé ní mílígíráàmù 100 nínú gíráàmù 100, nítorí náà ègé kan tó fẹ̀ tó ìka méjì ti tó fún ẹnìkan. Ìyá aláta mi ní Bódìjà ti mọ̀ mí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ń fi í ṣe, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú oríire o, Bàbá. Eku ń jẹ tàtàṣé, èmi tí mò ń tà á ń fi ṣọ̀mbọ̀ se ọbẹ̀."

Ẹ óò rí wọn nígbà mìíràn tí wọ́n ń jẹ ìgbẹ́ ara wọn. Ẹ má pariwo bí Tóyìn ṣe pariwo. Ìgbẹ́ kan wà tó rọ̀, tó yàtọ̀ sí èyí tó ń jábọ́, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí fítámì mìíràn tí wọn kò rí gbà lẹ́ẹ̀kíní. Ọgbọ́n ikùn wọn ni. Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bani ni kí ọ̀kan má jẹun láti àárọ̀ di alẹ́. Ní gbogbo Sátidé, Tóyìn ń gbé wọn sórí ìwọ̀n ilé ìdáná, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, torí gíráàmù tó bá sọnù ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹranko tó fi àìsàn hàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá sílé. Ó ní àwọn ọmọ òun ti rí ti Tóyìn, wọn kò jẹ́ kí òun gbádùn, ṣé òun lè rí méjì rà. Mo bi í níbo ni yóò kó wọn sí. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní ìyẹn kọ́ ni ìṣòro, àgò ehoro kan tó dára wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, oníwáyà, ìgbẹ́ kì í tiẹ̀ dúró lórí rẹ̀.

Mo ní kó jókòó ná.